Ohun Tí Ojú Inú Rí Kọ́ Ni Ẹ̀ṣẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Tí Ó Jáwọ́ Nínú Oògùn Olóró

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, níbikíbi tí ẹ bá fìdí kalẹ̀ sí ní Òkè Ọya yìí,  ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ń bò mọ́lẹ̀. A kò gbé e wá láti fi dójú ti ẹnikẹ́ni. A gbé e wá nítorí pé ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí á fi òye dáhùn, torí bí a bá ṣì í dáhùn, ọmọ wa ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìbéèrè náà nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń lo tramadol tẹ́lẹ̀, ó wá jáwọ́. Ó ti pé ọdún kan tí kò fi kan ẹnu. Bàbá rẹ̀ fẹ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, tàbí kẹ̀, àwọn òbí ọmọbìnrin kan ń ronú àtifi ọmọ wọn fún un. Wọ́n pe àgbààgbà jọ, wọ́n gbé Kùránì síwájú, wọ́n ní kí ó búra pé nǹkan náà ti kúrò lọ́kàn òun pátápátá. Bí ọmọ náà bá sọ òtítọ́ pé, "Ẹ̀yin bàbá mi, n kò lò ó mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń wá sí mi lọ́kàn, mo ṣì máa ń rí i," wọn á wo ara wọn lójú, wọn á ní kò tíì ṣe túúbá. Bí ó bá parọ́, tí ó ní òun kò tilẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́, wọn á ṣe àdúà fún un, wọn á fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni a fi kọ́ ọmọ yẹn? A fi kọ́ ọ pé irọ́ ní èrè, òtítọ́ ní ìyà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹni tí ohun èèwọ̀ ṣì ń fara hàn lójú inú rẹ̀, ṣé ó jẹ̀bi? Bí kò bá jẹ̀bi, níbo gan-an ni ẹ̀bi ti ń bẹ̀rẹ̀? Kí sì ni ó lè fi ojú inú kan náà ṣe láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀?

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á mú àwáwí kan kúrò lọ́nà. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé àṣà àwọn onílẹ̀ tí a bá níhìn-ín ni, pé bí a bá ti dá ọmọ padà sí ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ parí. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ UNODC ṣe, èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ní Nàìjíríà, láti ẹni ọdún 15 sí ẹni ọdún 64, ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Mílíọ̀nù 10.6 nínú wọn lo igbó, mílíọ̀nù 4.6 sì lo oògùn tí ń pa ìrora, bíi tramadol àti kódíìnì, lọ́nà tí dókítà kò fọwọ́ sí. Ní ìhà Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí Kánò àti Kàdúná wà, ènìyàn 12 nínú 100 ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ìhà Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, ilé wa gan-an, ó lé ní 22 nínú 100. Ẹnì kan nínú mẹ́rin àwọn tí ń lò ó sì jẹ́ obìnrin. Ẹni tí ó bá kó ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ sílé láti sá fún oògùn, ó lè jẹ́ inú ọjà tí ó tóbi ju ti ibí lọ ni ó ń gbé e lọ.

Lóòótọ́, kíkúrò níbi tí ọmọ ti ń lò ó lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí oògùn máa ń kọ́ sínú ènìyàn, tí kì í gbé e sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá gbéra. Ilé náà ni ojú inú.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe àlàyé. Nígbà tí nǹkan bá ti di bárakú fún ènìyàn, ọkàn rẹ̀ á máa yán hànhàn fún un bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Kí ni ìyánhànhàn náà jẹ́? Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, David Kavanagh ní Ọsirélíà pẹ̀lú Jackie Andrade àti Jon May ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àlàyé kan jáde tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn ọkàn ti ń lò láti ìgbà náà. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ni ìyánhànhàn máa ń gbà. Èkíní, èrò náà máa ń já wọlé fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé a ránṣẹ́ pè é. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni ènìyàn rí, tàbí ó gba ẹ̀yìn gáréèjì kọjá, tàbí owó tó o lọ́wọ́, tàbí inú rẹ̀ bàjẹ́, tàbí ó rí ike mínírà tí wọ́n fi ń lú kódíìnì. Èkejì ni pé ọkàn á wá mú èrò kékeré yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí ilé. Á yàwòrán rẹ̀: bí páálí rẹ̀ ṣe rí, bí ó ṣe dùn lẹ́nu, bí ara ṣe máa ń fúyẹ́, àti ibi tí wọ́n ti ń tà á. Àwòrán yìí máa ń dùn díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó máa ń ta ènìyàn bí iná, nítorí pé ó ń rí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrora yẹn ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ dìde láti lọ rà á.

Ẹ kíyè sí i pé ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí ó já wọlé àti ohun tí a fi ọwọ́ ara wa kọ́. Àwa tí a jókòó sílé kéú kò lè ka èyí kí á má rántí Imaamu Al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 505 Híjírà, èyí tí í ṣe ọdún 1111. Nínú ìwé rẹ̀ Ihya, níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìyanu inú ọkàn, ó ka ìpele mẹ́rin tí ọkàn ń gbà kí ọwọ́ tó ṣe nǹkan. Àkọ́kọ́ ni èrò tí ó kàn kọjá bí mànàmáná. Ìkejì ni kí ara fà sí i. Ìkẹta ni kí ọkàn dá a láre pé ó yẹ ní ṣíṣe. Ìkẹrin ni kí ènìyàn pinnu pé òun yóò ṣe é. Ó ní a kò ní bi ènìyàn léèrè méjì àkọ́kọ́, nítorí wọn kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìkẹta lè jẹ́ ti ìfẹ́-inú ẹni, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìkẹrin ni ìbéèrè wà lórí rẹ̀ gan-an, síbẹ̀ bí ènìyàn bá pinnu tán, tí ó wá fi í sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run, iṣẹ́ rere ni a ó kọ fún un.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 ọdún láàárín ọkùnrin yìí àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí a dárúkọ. Ìmọ̀ wọn kò jọra, ohun tí wọ́n ń wá kò sì jọra. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé èrò tí ó kọ́kọ́ já wọlé kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó já wọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ ọjà ṣe àpẹẹrẹ, torí ọlọ́jà ni púpọ̀ nínú wa. Àwọn tí ń kiri ọjà ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kí wọ́n má polówó létí òun. Bí olè bá tilẹ̀ gbé ọjà jíjí kọjá, tí ó polówó rẹ̀, tí a sì gbọ́, gbígbọ́ náà kò sọ wá di olè. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é wọlé ńkọ́? Bí a bá gbé àga fún un, tí a ní kí ó tú ẹrù, tí a ń fọwọ́ pa aṣọ náà wò, tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an? Gbogbo ọlọ́jà mọ̀ pé wíwò kọ́ ni rírà, ṣùgbọ́n nínáà ni ìbẹ̀rẹ̀ rírà. Ẹni tí ó bá ń ná ọjà kò lè sọ pé òun kò mọ ibi tí òun ń lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè kìíní àti ìkejì nìyẹn. Pé ó wá sọ́kàn kì í ṣe ẹ̀bi, kì í sì í ṣe àmì pé túúbá kò wọlé. Ibi tí ènìyàn ti gbé àga fún un ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, "Ààfáà, bí ẹ bá sọ fún àwọn ọmọ yìí pé èrò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, wọn á jókòó ti èrò wọn, wọn á máa gbádùn rẹ̀." A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó tì í ti kúrò lára ẹni tí ó já lù, ó ti wọ inú àwọn tí ń ná ọjà. Ẹ jẹ́ kí á tún wo òdìkejì rẹ̀. Ọmọ tí a ti sọ fún pé ẹ̀ṣẹ̀ ni èrò náà, ní ọjọ́ tí èrò yẹn bá já lù ú, á ní òun ti ṣẹ̀ tán. Á ní, "Bí mo bá ti ṣubú náà, kí ni mo tún ń sá fún?" Àìnírètí yẹn ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ohun tí èrò nìkan kò lè ṣe.

Ó wá ku ìbéèrè kẹta: kí ni a lè fi ojú inú ṣe? Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á ní kí ọmọ lé èrò náà jáde, kí ó má ronú nípa rẹ̀ rárá. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ sọ fún ara yín pé ẹ kò ní ronú nípa ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, tí omi rẹ̀ ń kán. Ṣé itọ́ kò ti sun lẹ́nu yín? Ohun tí a bá ń lé lójú inú, a gbọ́dọ̀ máa wò ó kí á tó lè máa lé e. Ohun tí ojú bá ń wá ni ojú ń rí.

Ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí rí ni pé àyè tí ọkàn ní fún àwòrán kò tóbi. Bíi tẹ́bù kékeré kan ni. Bí àwòrán kan bá kún orí rẹ̀, èkejì kò ní rí ibi jókòó dáadáa. Nítorí náà, má wulẹ̀ bá àwòrán oògùn jà, gbé àwòrán mìíràn tí ó gba iṣẹ́ sórí tẹ́bù náà. Wọ́n dán an wò. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015, ọ̀dọ́ 31, láti ẹni ọdún 18 sí ẹni ọdún 27, gbé fóònù kiri fún ọjọ́ 7. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn ní ẹ̀ẹ̀meje lóòjọ́ bóyá ọkàn wọn ń fà sí nǹkan, ìbáà jẹ́ oúnjẹ, sìgá, ọtí, kọfí tàbí ohun mìíràn. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn ta eré kan tí ń jẹ́ Tetris fún ìṣẹ́jú 3 péré. Nínú eré yìí, ègé oríṣiríṣi ń já bọ́ láti òkè, ènìyàn á máa yí wọn kí wọ́n lè wọra. Agbára ìyánhànhàn wọn lọ sílẹ̀ láti nǹkan bíi 70 nínú 100 sí 56. Wọ́n ní nítorí pé eré náà gba ojú inú lọ́wọ́ àwòrán tí ó wà níbẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Ènìyàn 31 kò pọ̀, wọn kì í sì í ṣe àwọn tí tramadol ti di bárakú fún ní ọdún mẹ́ta. Láti 70 sí 56 kì í ṣe pé ó parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ru ẹrù wúwo rí mọ̀ pé bí wọ́n bá mú ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ ìyẹn ni yóò jẹ́ kí ó délé.

Kì í ṣe Tetris ni a wá polówó. Àwa ní tiwa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ rántí wàláà. Nígbà tí a bá fi tàdáà kọ ọ̀rọ̀ sí wàláà fún ọmọ kéú, á kà á, á tún un kà, títí yóò fi há sí i lórí. Lẹ́yìn náà a ó fọ wàláà náà, kò ní sí nǹkankan lójú pákó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ọmọ náà dijú, kí ó ké e. Kì í ṣe etí nìkan ni ó fi ń rántí. Ó ń rí i. Ó mọ̀ pé ìlà kẹta ni ọ̀rọ̀ yẹn wà, pé apá òsì ni ó parí sí. Wàláà tí a ti fọ̀ ṣì wà lójú inú rẹ̀ rekete.

Agbára tí ó fi há Kùránì sórí yẹn náà ni oògùn jí gbé láti fi ya páálí tramadol sí i lọ́kàn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ọ̀dọ́ tí ó jáwọ́ pé kí ó gba ohun ìní rẹ̀ padà. Kí ó yan ojú-ewé kan tí ó mọ̀ dáadáa. Nígbà tí àwòrán búburú bá yọjú, kí ó má bá a ja ìjàkadì. Kí ó gbé wàláà rẹ̀ síwájú ojú inú. Kí ó wo ìlà kìíní láti ọ̀tún wá sí òsì. Kí ó wo àmì tó tó lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: ba ní ọ̀kan nísàlẹ̀, nun ní ọ̀kan lókè, ta ní méjì, tha ní mẹ́ta. Kí ó lọ sí ìlà kejì. Kí ó má yára. Ẹni tí kò ka kéú púpọ̀ lè lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ télọ̀, kí ó gé bùbá lójú inú, kí ó rí ibi tí áńkásì gbà. Bí ó bá jẹ́ mẹkáníìkì, kí ó tú ẹ́ńjìnnì ní nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́jà, kí ó rìn láti ilé dé ọjà lójú inú, kí ó máa ka ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù àti àwọ̀ ọ̀dà wọn.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé sikiri kò wá tó ni?" Sikiri tó. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń fa tẹ̀sùbáà mọ̀ pé ahọ́n lè máa ṣe sikiri kí ojú inú sì wà lọ́jà. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ojú inú náà wá síbi tí ahọ́n wà. Sikiri tí ọkàn wà níbẹ̀ ni sikiri.

Ọ̀nà kejì tún wà. Alan Marlatt, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tí ó kú ní ọdún 2011, kọ́ àwọn aláìsàn rẹ̀ pé kí wọ́n rí ìyánhànhàn bí ìgbì òkun. Ìgbì á dìde, á ga, á sì wó lulẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lórí rẹ̀ kò ní rì. Òkun jìnnà sí Kánò, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ ìjì eruku tí ó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀? Ojú ọ̀run á pọ́n, eruku á bo gbogbo ọjà, ènìyàn kò ní rí ẹni tí ó wà níwájú. Ẹni tí ó bá gbọ́n kì í bá ìjì jà, kì í sì í sá kiri nínú rẹ̀. Á ti ilẹ̀kùn, á fi aṣọ bo imú, á dúró. Kò sí ìjì kan tí ó ń jà láti ọdún dé ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọ náà rí i: "Ìjì ni èyí, ó ti ń ga, yóò kọjá, èmi ni onílé."

Ní ọdún 2009, Marlatt àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Sarah Bowen gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 123 tí ń mu sìgá. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ọ̀nà yìí, wọn kò kọ́ àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Ìyánhànhàn àwọn tí a kọ́ kò dín ju ti àwọn tí a kò kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n sìgá tí wọ́n mu kéré sí ti àwọn yòókù. Ọkàn ń fà wọ́n bákan náà, ọwọ́ kò ṣe bákan náà. Ẹ̀yin àgbààgbà wa, ṣé ẹ rí i? Bí a bá ní kí àwọn wọ̀nyẹn wá búra pé sìgá ti kúrò lọ́kàn àwọn, kò sí ẹni tí yóò lè búra. Bí a bá sì béèrè ohun tí ọwọ́ wọn ṣe, wọ́n ní ìdáhùn rere.

Ohun kẹta ni àwòrán ọ̀la. Àwọn Andrade ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn láti máa rí ohun rere tí ó ń lé, kì í ṣe lẹ́nu nìkan, bí kò ṣe lójú inú, pẹ̀lú ìró rẹ̀ àti òórùn rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019 lórí ènìyàn 121 tí ó fẹ́ dín sísanra kù fi hàn pé ní oṣù 6, àwọn tí a kọ́ ní ọ̀nà yìí fọn ní nǹkan bíi kílò 4, nígbà tí àwọn tí a kàn bá sọ̀rọ̀ ìyànjú kò tó kílò kan. Ọ̀rọ̀ sísanra nìyẹn, kì í ṣe ti oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa oníwàásí. "Wá di ọmọ rere" kì í ṣe àwòrán. Àwòrán ni kí ọmọ rí ara rẹ̀ ní àsùbáà, tí ojú rẹ̀ mọ́, tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lápò rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń pè é láìsí ìpayà nínú ohùn rẹ̀. Oníwàásí mìíràn sì wà tí yóò fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń lo oògùn àti bí ó ṣe ń gun orí. Ẹni tí ó ń gbìyànjú láti gbàgbé, inú mọ́sálásí gan-an ni irú wàásù bẹ́ẹ̀ ti gbé ọjà yẹn wá bá a.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sórí ìbúra. Ní Súrátùl Máídà, ẹsẹ 90 ni ìfòfindè ọtí wà. Ẹsẹ 89, tí ó ṣáájú rẹ̀ gẹ́lẹ́, ni ó sọ ìtánràn ẹni tí ó bá da ìbúra rẹ̀: kí ó bọ́ tálákà 10, tàbí kí ó dá aṣọ fún wọn, tàbí kí ó dá ẹrú sílẹ̀, ẹni tí kò bá ní agbára rẹ̀, kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ 3. Àwa kò sọ pé a mọ ìdí tí Ọlọ́run fi tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó ń gbé Kùránì síwájú ọmọ tí ó jáwọ́ nínú ohun tí ń pa ọpọlọ ka ẹsẹ méjèèjì pọ̀. Ìbúra kì í ṣe ohun ìṣeré. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ kí ọmọ ṣèlérí, ẹ jẹ́ kí ó ṣèlérí ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: pé òun kò ní rà á, òun kò ní gba ẹ̀yìn gáréèjì, àti pé bí ó bá já lu òun, òun yóò pe ẹnìkan. Ẹ má ṣe ní kí ó búra lórí ohun tí ń já wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀wọ̀n ni àwọn mìíràn tilẹ̀ fi ń rọ́pò ìbúra. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ní Rigasa ní Kàdúná, àwọn ọlọ́pàá tú àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí ó lé ní 300 sílẹ̀ nínú ilé kan tí a ń pè ní ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìtọ́jú. Wọ́n bá àwọn kan nínú wọn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tún tú àwọn tí ó lé ní 250 sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Òbí ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ, nítorí pé ó ti sú wọn. A kò ní bú òbí tí ó ti sú. Ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lè dá ẹsẹ̀ dúró, kò lè dá ojú inú dúró. Ọmọ tí a so mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí kò ní iṣẹ́, tí kò ní nǹkan wíwò, kí ni ẹ rò pé ó ń wò?

A sì ń kìlọ̀ gidigidi: ohun tí a kọ sókè yìí kò rọ́pò dókítà. Tramadol tí ó pọ̀ lápọ̀jù lè fa gìrì. Ẹni tí ó ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, bí ó bá fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, eegun á máa ro ó, inú á máa ṣu ú, oorun á dá lójú rẹ̀. Àìsàn ara nìyẹn, kì í ṣe èrò lásán. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba wà ní Kàdúná, ti Arò wà ní Abẹ́òkúta, àwọn dókítà irú rẹ̀ sì wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá. Ẹ gbé ọmọ lọ. Ojú inú ni èyí tí yóò bá a gbélé nígbà tí dókítà bá ti ní kí ó máa lọ, ní alẹ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa, nígbà tí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jókòó síwájú yín, ẹ má bi í pé, "Ṣé ó ti kúrò lọ́kàn rẹ?" Ẹ bi í pé, "Níbo ni ó ti máa ń já lù ọ́? Nígbà tí ó wá kẹ́yìn, kí ni o ṣe? Ta ni o pè?" Bí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ní òtítọ́, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ń ṣọ́ ilé rẹ̀ ni ó jókòó níwájú yín. Ẹni tí ó sọ pé olè kò tilẹ̀ kọjá ní àdúgbò òun mọ́ ni kí ẹ fi ọgbọ́n wò, nítorí ó lè ti fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ kú ìjàkadì. Pé ó ṣì ń wá bá yín lọ́kàn kò sọ yín di ẹlẹ́tàn. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó wá, tí ẹ kò sì gbé àga fún un, iṣẹ́ ni ẹ ṣe, Ọlọ́run kò sì fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ṣòfò. Kí Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú inú yín, kí Ó fi yín ṣe ìtutù ojú fún àwọn òbí yín, kí Ó sì fún àwa àgbà ní sùúrù tí a fi ń gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu ọmọ. Àmín.